Ìwé Eré Ìrìnkèrindò àti Ìtàn Ugbò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú ní oṣù yìí lè jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn kan nínú yín. Ọ̀rọ̀ eré ni. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín kí ẹ fi ara balẹ̀ kà á, nítorí eré tí à ń wí yìí ti di ohun tí a ń kọ sínú ìwé ńláńlá, tí a ń tà káàkiri ayé, tí àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà sì ń fi owó ara wọn rà. Nínú àwọn ìwé náà a bá orúkọ òrìṣà pàdé, a bá igbó àti odò ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú pàdé. Nínú gbogbo èyí tí ọwọ́ wa tẹ̀, a kò rí Ugbòńlá, a kò rí Ugbò, a kò sì rí Ìlàjẹ kan ṣoṣo.

Bí a ti í ṣe eré náà nìyí. Ènìyàn mẹ́rin, márùn-ún tàbí mẹ́fà a jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni onítàn. Òun ni ó mọ ilẹ̀ tí ọ̀ràn ti ń ṣẹlẹ̀, òun ni ó sì mọ ohun tí ó fara pamọ́ sí ìdí igi kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn ìyókù, olúkúlùkù a mú ènìyàn kan ní àmúṣe: ọ̀kan a jẹ́ jagunjagun, èkejì a jẹ́ oníṣègùn, ẹ̀kẹta a jẹ́ olórin, ẹ̀kẹrin a jẹ́ gbéwiri tí ó mọ bí a ti í ṣí ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Onítàn a wí pé: Alẹ́ ti lẹ́, ọkọ̀ yín ti gúnlẹ̀ sí ẹnu odò kan, ẹ sì rí iná kan tí ń ṣẹ́jú ní òdìkejì; kí ni ẹ ó ṣe? Wọn a gbìmọ̀, olúkúlùkù a sì sọ ohun tí ẹni tirẹ̀ yóò ṣe. Bí ohun náà bá jẹ́ èyí tí ó lè bọ́ sí i tàbí kí ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, a da dáìsì, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ní ojú ogún, iye tí ó bá sì hàn lókè ni yóò sọ bí ó ti já sí. Ẹnikẹ́ni kì í jẹ ẹnìkejì rẹ̀ bí a ti í jẹ nídìí ayò. Gbogbo wọn ni ó jọ ń la ewu kọjá, eré kan ṣoṣo sì lè gba oṣù mẹ́fà tàbí ọdún méjì, bí wọ́n bá ń pàdé ní alẹ́ ọjọ́ kan lọ́sẹ̀.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974 ni a kọ́kọ́ tẹ irú eré yìí fún títà, ní ìlú kékeré kan tí à ń pè ní Lake Geneva, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Gary Gygax àti Dave Arneson ni ó kọ ọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní Dungeons & Dragons. Ìwé ìlànà lásán ni ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò jókòó ronú ìtàn tí yóò pa fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi hàn gbangba pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ní àkókò àti ọgbọ́n láti máa hun ìtàn tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nítorínáà a bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtàn náà pàápàá, pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ rẹ̀, orúkọ àwọn ará ibẹ̀, ohun tí olúkúlùkù wọn ń wá àti ohun tí ó ń bẹ̀rù. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti dé orí èyí tí ó jẹ wá lógún lónìí, èyíinì ni ìwé ìrìnkèrindò alásopọ̀, nínú èyí tí òpin ìwé kan jẹ́ ilẹ̀kùn ìwé tí ó tẹ̀lé e.

Ní 1978 Gygax tẹ ìwé mẹ́ta jáde lórí àwọn òmìrán tí ń kó àwọn ìlétò ènìyàn. A rán àwọn akọni lọ bá àwọn òmìrán inú òkè. Nígbàtí wọ́n wọ ilé olórí wọn, wọ́n rí àmì pé ẹlòmíràn ni ó ń tì wọ́n. Àmì náà gbé wọn dé ọ̀dọ̀ òmìrán ilẹ̀ yìnyín, ó gbé wọn láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọba òmìrán iná, lábẹ́ ààfin rẹ̀ ni wọ́n sì ti rí ọ̀nà tí ó wọ inú ilẹ̀ lọ bá àwọn tí ó wà nídìí ọ̀tẹ̀ náà. Ìwé mẹ́ta mìíràn tẹ̀lé e ní ọdún kan náà, èkeje sì parí rẹ̀ ní 1980. Ìwé méje, ìtàn kan. Iṣẹ́ idà pọ̀ nínú rẹ̀ ju iṣẹ́ ọpọlọ lọ, bí a bá ní kí a sọ èrò ọkàn wa, ṣùgbọ́n òun ni ó la ọ̀nà. Nígbàtí ó di 1984, Tracy Hickman àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìtẹ̀léra mìíràn tí à ń pè ní Dragonlance, àwọn ìwé àròsọ tí òun àti Margaret Weis jọ kọ sì ń bá a rìn. Ẹ̀sùn tí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ fi kan ìwé eré náà, tí a sì gbà pé ó tọ́, ni pé ọ̀nà rẹ̀ há jù: a ti pinnu ohun tí akọni yóò ṣe kí akọni tó jókòó. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń fa ènìyàn lọ bí ewúrẹ́ tí a so lókùn lọ sí ọjà.

Èyí tí ó wù wá jù nínú gbogbo wọn ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé-iṣẹ́ Games Workshop bẹ̀rẹ̀ ní 1986, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ The Enemy Within. Nínú apá kan rẹ̀ tí ó jáde ní 1987, Death on the Reik, ọkọ̀ ojú odò kan bọ́ sí ọwọ́ àwọn akọni. Wọ́n ń wà á láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń rà, wọ́n ń tà, ìwé náà sì fi hàn wọ́n bí owó ọjà ti ń yàtọ̀ láti èbúté kan sí èkejì. Ọmọ Ìlàjẹ wo ni yóò ka èyí tí kò ní rẹ́rìn-ín? Ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe láti etí òkun dé ọjà Igbókọ̀dá ni àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí ìyẹ̀wù tí wọ́n ń fi dáìsì ṣe.

Láti oṣù kẹjọ ọdún 2007, ilé-iṣẹ́ Paizo ti Amẹ́ríkà sọ irú ìwé yìí di iṣẹ́ oṣooṣù. Ìtàn wọn àkọ́kọ́, Rise of the Runelords, jẹ́ ìwé mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bí ojú-ewé 96. Akọni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ilé kékeré, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, ń dàgbà láti ìwé dé ìwé, títí ìlú yóò fi máa pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀mí sùúrù wà nínú èyí, a sì yìn wọ́n fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pé wọn kọ́ ni ó kọ́kọ́ ronú bẹ́ẹ̀. Ní 1938, ọdún mẹ́rìndínlógójì ṣáájú Gygax, ọmọ Òkè-Igbó kan, Daniel Olórunfẹ́mi Fágúnwà, tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde. Ẹ wo bí ó ti to àwọn tí ọba rán lọ sí Òkè Láńgbòdó. Àkàrà-ogun wà níbẹ̀, ẹni tí baba rẹ̀ jẹ́ ọdẹ, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ àjẹ́. Kàkò wà níbẹ̀ pẹ̀lú kùmọ̀ rẹ̀. Ìmọ̀dòye ni ọlọ́gbọ́n wọn. Olóhùn-iyọ̀ ni olórin. Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ gbọ́ èdè ẹranko. Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ ni tafàtafà. Aràmàdà-òkùnrin ní àrà tirẹ̀ lára. Ènìyàn méje, ẹ̀bùn méje, kò sí ẹni tí ó lè dá lọ nínú wọn, gbogbo wọn ni ìrìn-àjò náà sì nílò ní ọjọ́ tirẹ̀. Bí a bá fi ìwé yìí lé ẹni tí ń ta eré orí tábìlì lọ́wọ́, yóò rò pé láti inú ìwé ìlànà tirẹ̀ ni a ti jí i. Fágúnwà kò sì dúró níbẹ̀: nínú Igbó Olódùmarè tí ó jáde ní 1949, ó padà sẹ́hìn lọ pa ìtàn Olówó-ayé, baba Àkàrà-ogun, ní 1954, nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje, ó rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Ìrònú. Alásopọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Wálé Ògúnyẹmí sọ ti Láńgbòdó di eré orí ìtàgé, a sì ṣe é níbi àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Kí ni ó dé tí kò fi di eré orí tábìlì títí di òní? Ìdáhùn wa ni pé a ti gbà láàrin ara wa pé ìwé Fágúnwà jẹ́ ìwé ilé-ẹ̀kọ́, tí a fi ń ṣe ìdánwò, tí a sì ń gbé sórí pẹpẹ nígbàtí ìdánwò bá parí.

Nígbàtí àwa sì ń gbé tiwa sórí pẹpẹ, àwọn ẹlòmíràn ń kọ nípa ilẹ̀ wa. Ní 1984 ilé-iṣẹ́ Chaosium tẹ Masks of Nyarlathotep, tí Larry DiTillio jẹ́ olórí òǹkọ̀wé rẹ̀, fún eré ẹlẹ́rù kan tí à ń pè ní Call of Cthulhu. Àwọn akọni inú rẹ̀ rin ayé láti New York dé Lọ́ńdọ̀nù, dé Cairo, dé Kenya, dé Shanghai. Nígbàtí wọ́n dé Kenya, ẹgbẹ́ awo apànìyàn ni ó ń dúró dè wọ́n lórí òkè. Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Cairo inú ìwé náà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ka ti Lọ́ńdọ̀nù mọ Lọ́ńdọ̀nù mìíràn tí ó yàtọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó sì ka ti Kenya kò mọ òmíràn. Ní 2010 Paizo bẹ̀rẹ̀ Serpent's Skull, ìwé mẹ́fà, nínú èyí tí ọkọ̀ rì, tí àwọn akọni sì la igbó ilẹ̀ Mwangi já lọ wá ìlú àtijọ́ kan tí ó sọnù. Ilẹ̀ Mwangi inú ayé àròsọ wọn ni wọ́n fi ṣe Áfíríkà. Ibi tí àlejò ń là kọjá lọ sí ibi ìṣúra ni wọ́n fi ṣe é nígbà náà. Nyambe tí Atlas Games tẹ̀ ní 2002 ti ṣáájú wọn lo orúkọ òrìṣà tààrà, a kò sì lè sọ pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò sapá.

A kò sọ èyí láti bínú. Ilé-iṣẹ́ Paizo kan náà tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe ní 2021, nígbàtí ó tẹ ìwé ńlá kan lórí ilẹ̀ Mwangi, tí ó sì tẹ Strength of Thousands tẹ̀lé e. Nínú ìwé mẹ́fà yìí, àwọn òṣèré kì í ṣe àlejò mọ́: ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n, ní ilé ìmọ̀ Magaambya, ní ìlú Nantambu, láàrin àwọn ènìyàn dúdú, wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n ń ran ará ìlú lọ́wọ́, wọ́n ń dàgbà, wọ́n sì ń di olùkọ́. Láàrin ọdún mọ́kànlá péré, ilẹ̀ kan náà kúrò ní igbó àwọn ẹlòmíràn, ó di ilé àwọn tí ó ni ín. Ẹni tí ó kọ ìwé ni ó yan ipò fún oníkálukú: òun ni ó sọ ẹni tí yóò jẹ́ akọni, àti ẹni tí yóò jẹ́ ẹran idà.

Èyí ni ó mú wa dé ọ̀rọ̀ tiwa gan-an. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìtàn Mọ́remí. Bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ ní 1921, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń kọ́ ọ: àwọn kan tí à ń pè ní Ìgbò ń yọ sí Ilé-Ifẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ìko àti koríko láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ sì rò pé iwin ni wọ́n, wọ́n ń sá fún wọn. Mọ́remí jẹ́ ẹ̀jẹ́ ní odò Ẹ̀sìnmìrìn. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lẹ́rú. Ọba wọn fi í ṣe aya. Ó kọ́ àṣírí wọn, ó sá padà, ó sì kọ́ àwọn ará Ifẹ̀ pé kí wọ́n fi ògùṣọ̀ pàdé àwọn ìko náà. Iná ràn. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúorogbo, ni ó fi san ẹ̀jẹ́. Lọ́dọọdún ni Ifẹ̀ ń ṣe Ẹdì ní ìrántí rẹ̀, Dúró Ládiípọ̀ fi ṣe eré orí ìtàgé, ní 2016 a sì gbé ère rẹ̀ ró ní Ilé-Ifẹ̀, ère gíga tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ wò.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Obìnrin akọni ni, a kò sì ní gba ògo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó wà nínú aṣọ ìko? Ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ wí pé àwọn baba wa ni: pé wọ́n wà ní Ifẹ̀ kí Odùduwà tó gba àṣẹ ibẹ̀, pé Ọbamakin ni olórí wọn, pé ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń jà fún, àti pé nígbàtí Ifẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́ ni wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí ilẹ̀ ti parí, tí omi sì bẹ̀rẹ̀. Ìtàn yìí kò dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, àwọn ọ̀mọ̀wé sì ní ohun tí wọ́n ń sọ sí i. A mọ̀. Ṣùgbọ́n àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni, láti 1921 wá, ẹnu ẹnìkan ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì ti ń gbọ́ ẹjọ́ yìí.

Ẹ wá wo ohun tí ìwé ìrìnkèrindò alásopọ̀ lè ṣe tí ìwé ìtàn lásán kò lè ṣe. Kí ìwé kìn-ín-ní fi àwọn òṣèré sí àárín ìgbìmọ̀ Ugbò nígbàtí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́: àgbà kan ní kí a lọ, àgbà kan ní kí a jà, ebi sì ń pa àwọn ọmọ. Ta ni ó kọ́kọ́ dá a lábàá pé kí a wọ ìko? Ẹni tí ó jókòó sí tábìlì ni yóò dá a, tàbí kí ó kọ̀. Kí ìwé kejì mú àwọn ẹrú wálé láti Ifẹ̀, kí obìnrin arẹwà kan sì wà láàrin wọn. Ó wà nínú ilé ọba. Ó ń se oúnjẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òṣèré tí ó ti gbọ́ ìtàn Mọ́remí láti kékeré mọ ẹni tí ó jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mú ní àmúṣe kò mọ̀, ó sì lè jẹ́ pé òun ni ẹni tí obìnrin náà ń ṣàánú jù. Kí a sì kọ ọ̀nà kejì sí inú ìwé kan náà, tí òṣèré kan yóò ti jẹ́ Mọ́remí fúnra rẹ̀, kí ó mọ bí ó ti rí láti máa gbé àárín àwọn ènìyàn tí ó ti di ojúlùmọ̀ ẹni, kí a sì máa múra àtijó wọn níná. Ìwé kẹta ni ọjọ́ iná àti ìrìn gígùn sí etí omi. Ní ẹ̀kẹrin, a ó kọ́ bí a ti í kọ́lé sórí òpó, bí a ti í mọ ìgbà tí òkun ń bínú, bí a ti í bá aládùúgbò tí èdè rẹ̀ yàtọ̀ na ọjà. Ní èrò tiwa, ìwé mẹ́rin tó. Àwọn tí ó ní kí ó pé mẹ́fà nítorí pé mẹ́fà ni ti òyìnbó kò tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kọ sí méjì tí ó kù.

Ìjòyè kan lè bi wá pé: bí dáìsì bá wí pé a mú Mọ́remí kí ó tó sá ńkọ́? Ṣé Ifẹ̀ kò ní borí mọ́? Ìbéèrè àgbà ni, kì í ṣe ohun tí a lè fi ẹ̀rín dá lóhùn. Àwọn baba wa ti ya ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára àlọ́ tipẹ́tipẹ́. Ìtàn ni ohun tí a jẹ́rìí sí níwájú ọba. Àlọ́ ni ohun tí a fi kọ́ ọmọ ní èrò, tí apàlọ́ kan lè parí ní ọ̀nà kan, kí ẹlòmíràn sì parí rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn, láìsí pé ẹnikẹ́ni pè é ní òpùrọ́. Eré yìí, ọ̀dọ̀ àlọ́ ni ó wà. Kí a kọ ọ́ gàdàgbà sí ojú-ewé àkọ́kọ́ pé kì í ṣe ìwé ìtàn, kí a sì tẹ ìtàn náà sí ẹ̀hìn ìwé bí Ifẹ̀ ti ń sọ ọ́ àti bí Ugbò ti ń sọ ọ́, ẹ̀gbẹ́ kan sí ẹ̀gbẹ́ kejì, láìdá ẹjọ́.

Àwọn onígbàgbọ́ wa pẹ̀lú yóò ní ọ̀rọ̀. Etí òkun yìí ni Ayétòrò wà, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀dó ní 1947, àwọn ìjọ Kérúbù àti Séráfù sì pọ̀ káàkiri ipa-omi wa. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1980, àwọn kan gbógun ti Dungeons & Dragons pé ó ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ òkùnkùn, ariwo náà sì pọ̀ kí ó tó rọlẹ̀. Ohun tí a rí nídìí eré náà ni ìwé, ohùn ẹnu, pẹ́ńsùlù àti dáìsì. Kò sí ìbúra, kò sí ìrúbọ. Bí olórí ìjọ kan bá fẹ́, kí ó wá jókòó tì wọ́n ní alẹ́ kan kí ó wò ó. Bóyá òun náà yóò gba dáìsì.

Ibi tí àwa fúnra wa ti rí ewu yàtọ̀ sí èyí. A kò fẹ́ kí a fi Ayélála ṣe eré. Bí wọ́n ti ń sọ ìtàn rẹ̀, ẹrúbìnrin ni, tí a fi ẹ̀mí rẹ̀ parí ìjà láàrin Ìlàjẹ àti Ìjọ̀, tí igbe tí ó ké kẹ́hìn sì di orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ṣì ń fi í búra láti fi mọ òtítọ́ títí di òní. Ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rù ní ilé-ẹjọ́ kò yẹ ní ohun tí a ń fún ní iye lórí dáìsì. A ti gbọ́ àbá pẹ̀lú pé kí a fi ọ̀pẹ̀lẹ̀ rọ́pò dáìsì nítorí pé odù ni ó ń yan ẹsẹ tí babaláwo yóò kì, gẹ́gẹ́bí dáìsì ti ń yan ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó ronú èyí ní làákàyè, kí ó sì lọ fi làákàyè náà ṣe nǹkan mìíràn. Ẹ̀kẹta ni ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní 1998 láàrin àwa àti àwọn Ìjọ̀ Àrògbò, tí ó wọ 1999. Àwọn opó rẹ̀ wà láàyè. Kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé náà ní ọ̀nàkọnà, bí ó ti wù kí a yí orúkọ padà tó.

Ní ti èdè, Yorùbá ni kí a fi kọ ọ́, kí àwọn ará Ugbò inú rẹ̀ sì máa sọ èdè Ìlàjẹ bí a ti ń sọ ọ́ nílé, kí ẹni tí ó bá wá láti òkè ní láti béèrè ìtumọ̀. Owó rẹ̀ kò ní pọ̀ bí ẹ ti rò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, Wizards of the Coast, tí ó ni Dungeons & Dragons nísinsìnyí, fi ìpìlẹ̀ ìlànà eré náà sílẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ Creative Commons, tí ẹnikẹ́ni lè fi lò ó láìsan owó, kìkì pé kí ó dárúkọ ibi tí ó ti mú un. Kò di dandan mọ́ pẹ̀lú pé kí a tẹ ẹgbẹ̀rún ìwé sí àká kí a tó rí olùrà. A lè tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kí a sì tẹ ìwọ̀nba fún ilé.

Ohun tí owó kò lè rà ni àwòrán ilẹ̀. Ìwé ìrìnkèrindò kò lè dúró láìsí àwòrán ilẹ̀, tiwa sì ń yí padà lójú wa. Òkun ti jẹ Ayétòrò dé ibi tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ kò lè júwe rẹ̀ mọ́. Ó ń jẹ etí ilẹ̀ ní Ugbòńlá níhìn-ín, ó ń jẹ ẹ́ ní Mọlútẹ̀hìn àti ní Awóyè. Ipa-odò tí àwọn bàbá wa ń gbà, ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ mọ́, igi tí wọ́n fi ń mọ ẹnu ọ̀nà ní òru, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà lábẹ́ omi iyọ̀, orúkọ wọn sì wà lẹ́nu àwọn arúgbó nìkan. Bí a bá dúró di ìgbà tí ìjọba yóò mọ odi dí òkun kí a tó kọ wọ́n, ẹnu tí ó mọ̀ wọ́n yóò ti pa mọ́.

Nítorínáà, a bẹ ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin olórí ẹbí ní Ugbòńlá, ní Òde-Ugbò, ní Máhìn àti ní gbogbo etí òkun, pé kí olúkúlùkù yan ọ̀dọ́ kan tí ó mọ̀wé, kí ó jókòó ti àgbà kan nínú ilé yín, kí ó sì kọ orúkọ àwọn ipa-odò, ibùdó àti ilẹ̀ tí omi ti gbé, pẹ̀lú ìtàn tí ó bá orúkọ kọ̀ọ̀kan rìn. Kí wọ́n fi wọ́n ránṣẹ́ sí akọ̀wé Ẹgbẹ́ kí ìpàdé wa tí ń bọ̀ tó pé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ nínú àpótí, kí ó gbé e wá kí a yà á. A ó dá a padà fún un ní ọjọ́ kan náà.